Eèrí Ọkà Bàbà

Kò sí pátákó níbẹ̀. Kò sí iná aláràbarà.
Tí o bá ti kọjá ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà,
yà sápá òsì, sínú kọ̀rọ̀ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kò lè wọ̀,
kí o máa tẹ̀lé òórùn:
òórùn kíkan, bí ògì ọjọ́ kẹta,
bí ẹni ń yan búrẹ́dì nínú ilé tí òjò ń jò.
Báyìí ni mo ṣe dé ilé Ngo Kaneng
lẹ́yìn ọjà kan ní Jọ́ọ̀sì,
nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fi ìlú yìí sílẹ̀.
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ díákónì.
Nílé wa, a kì í dárúkọ búrúkùtù.
"Ohun yẹn" là ń pè é,
a ó sì kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

Ngo Kaneng kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó ti igbá bọ ìkòkò, ó bù ú,
ó mu díẹ̀ níbẹ̀ níṣojú mi,
kí àlejò mọ̀ pé ikú kò sí níbẹ̀,
ó wá nà án sí mi.
Ó ki. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àgbàrá àkọ́rọ̀ òjò.
Ó kan mí létè, ó ta mí lọ́fun,
lẹ́yìn náà ni adùn kan rọra wọlé
bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wá ibi jókòó sí.

Kì í ṣe ọtí inú ìgò tí wọ́n ti dé ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.
Èyí ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo gbé etí sí i:
ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
"Mo rẹ ọkà títí ó fi hu irùngbọ̀n," Ngo Kaneng wí.
"Iṣẹ́ oníwàǹwára kọ́. Ti àná nìyí.
Ti ọ̀la ṣì ń sùn."

Bàbá Davou wà lórí bẹ́ńṣì, awakùsà àtijọ́,
ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀.
Terhemba tó ń tún rédíò ṣe wà níbẹ̀,
àti ọlọ́pàá kan tó ṣí fìlà, tó jókòó lé e
kí ìjọba má baà rí i.
Iye owó ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

"Ọmọ ta ni ọ́?"
Mo ní Díákónì Oyèdòkun, aláṣọ, ló bí mi.
Ngo Kaneng pàtẹ́wọ́. "Bàbá alágbò!"
Ó ní ọjọọjọ́ Sátidé ló ń wá ra eèrí ọkà
fún àgbò rẹ̀. Kò mutí. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Òjò a máa rọ̀ nígbà mìíràn. A sì wọlé."

Mo rántí àgbò náà, dúdú, ìwo rẹ̀ kan ti kán.
Nírọ̀lẹ́ Sátidé, a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú àgbàlá,
a máa kan ògiri, a máa bá òjìji ara rẹ̀ jà.
Ìyá mi a ní, "Kí ló ń ṣe ẹran yìí?"
Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín,
á bú sẹ́rìn-ín,
á máa kọ orin ìsìn ọjọ́ kejì
láìdúró níbi tó yẹ kó dúró.
Wákàtí méjì ni ríra eèrí ń gbà á.
Mi ò bèèrè nígbà náà. Mi ò bèèrè lónìí.

"Ṣé ó jẹ yín ní gbèsè?"
Ngo Kaneng wo ògiri, tí ìlà ṣọ́ọ̀kì kún.
"Ti eèrí," ló wí, kò wojú mi. "Àpò kan."
Mo san án. Ó ka owó náà, ó fún mi ní ṣéńjì,
ó bu igbá kejì.
Bàbá Davou sún fún mi
síbi tí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ti ha ògiri dán.

Nígbà tí mo dìde, mo ra àpò eèrí kan.
Mi ò ní àgbò.