Ohùn Méjì Nínú Àpótí Kan

Àpótí náà kò tóbi ju páálí bàtà lọ,
ẹnu kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ dúdú dí,
bọ́tìnì méjì, ọ̀kan fún ariwo, ọ̀kan fún ohùn tín-ín-rín.
Dáyísí àbúrò mi gbé e wálé láti Adó.
Owó iṣu ọdún kan gbáko ló fi rà á.
Ó gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́ mi ní Ìkéré
bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá bá nọ́ọ̀sì.

Mo ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́, mo ta okùn kan.
Ohùn jáde, ó mọ́ gaara bí omi tí a pọn kí ìlú tó jí.
"Kò sóhun tó ṣe é," ni mo wí.
"Ohun tó ṣe é náà nìyẹn. Ó ti mọ́ jù.
Mo fẹ́ kó lè bínú."
"Ṣé kó máa bínú títí lọ?"
"Rárá o. Ìgbà tí mo bá ní kó bínú ni."

Bàbá wa ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún nílé ìlagi.
Ó pariwo lórí ẹ̀rọ títí ohùn rẹ̀ fi há,
tó ń họ etí bí èèpo igi;
síbẹ̀, bó bá di òru, tó ń bá màmá wa sọ̀rọ̀,
ohùn mìíràn ni à ń gbọ́ lára ògiri.
Ọdún kẹfà rèé tí a sin ín.
A ò mọ ibi tí súwíìsì rẹ̀ wà.

Iná ọba ò sí fún ọjọ́ mẹ́ta.
Inú èédú ni mo ti ń gbóná irin tí mo fi ń yọ́ òjé.
Mo yọ dáyóòdù méjì lára rédíò Ìyá Àríyìíbí
tí àrá pa lọ́dún tí ilé ẹ̀kọ́ wó;
mo kọjú ọ̀kan síwájú, mo kọjú èkejì sẹ́yìn,
ẹ̀ṣọ́ méjì lẹ́nu ibodè:
ohùn tó bá tẹríba, kó máa kọjá,
èyí tó bá nàró ju ẹnu ọ̀nà lọ, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí.
Súwíìsì, ti tọ́ọ̀ṣì ọlọ́dẹ ni.
Ìṣó gbígbóná ni mo fi lu ihò tó jókòó sí.

A tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa.
Mo ti fi òjé so wáyà ohùn mọ́ wáyà ilẹ̀,
gbogbo orin ń rọ́ wọlẹ̀ bí òjò.
Màmá wa ké láti ìdí ààrò: "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run!"

Mo tú u, mo tún un so.
Ó bínú lóòótọ́, àmọ́ ìbínú ẹlẹ́mìí kúkúrú ni;
ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí kì í ga mọ́.
Mo yọ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, mo fi gílóòbù pupa wínníwínní méjì rọ́pò wọn,
àwọn yẹn máa ń ní sùúrù díẹ̀ kí wọ́n tó yọ idà.
Bí Dáyísí bá ta okùn gan-an, wọ́n á ṣẹ́jú.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún.
Ewúrẹ́ Fágbúyì já okùn.
Ohùn náà gùn, ó há, ó fi eyín jẹ afẹ́fẹ́,
ó lọ kan Olósùnta, àpáta dá a padà fún wa.

Màmá jáde, ìyẹ̀fun lọ́wọ́:
"Ta ló ń lagi?"

Dáyísí sáré tẹ̀ ẹ́ padà. Omi àárọ̀.
Ó rò pé ìjà ni.
Màmá dúró níbẹ̀, kò nu ọwọ́,
ó ń wo àpótí náà, ó ń wo ìdè kan tó ṣẹ́kù lórí tábìlì mi
tí n ò rántí ibi tí mo ti yọ ọ́.

"Tún un tẹ̀," ló wí.