Ìka Mẹ́ta

Rúlà ni wọ́n fi rán mi wá sí Òde-Omi,
rúlà àti fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́sàn-án,
kí n wọn ojú àwọ̀n gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà létí ọ̀sà,
kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n buwọ́ lù ú, kí n máa lọ.

Ìyá Ọ̀ṣínówò jókòó sídìí igi ẹ̀gbà,
abẹ́rẹ́ onípákó lọ́wọ́, okùn àwọ̀n lẹ́sẹ̀.
Ó wo rúlà mi bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tíì hu eyín.
"Èyí kò mọ ọ̀bọ̀kún," ló wí.
Ó na ìka mẹ́ta, ó tì wọ́n bọ ojú àwọ̀n:
"Bí wọ́n bá wọlé láì há, àwọ̀n pé.
Bí wọ́n bá há, tú u."

Mo ní, "Ìyá, ìka ta ni?
Ìka ọmọdé kì í ṣe ẹgbẹ́ ìka àgbà."
Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
"Ìka ẹni tó bá ń hun ún."

Mo wọn èyí tó hun lọ́dún tó bí àkọ́bí,
mo wọn tọdún tí omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ,
mo wọn èyí tó tẹ́ sórí itan rẹ̀.
Ojú wọn ń fẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀,
bí làkúrègbé ṣe ń wú oríkèé ọwọ́ rẹ̀.
Ìrora obìnrin kan ni ọ̀bọ̀kún ń gbà kọjá
lọ yé ẹyin sábẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà.

Fọ́ọ̀mù mi kò ní àyè fún oríkèé.

Lódìkejì, àwọn ọmọ Ṣóbándé ń fa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn,
èyí tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù.
Wọ́n fi ń kó edé, wọ́n fi ń kó ọmọ ẹja
tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀.
Ìjọba tó rán mi níṣẹ́ ló pín in.
Mo dójú bolẹ̀.

"Lọ́jọ́ Jàkúta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ́ àwọ̀n níbí."
"Ta ló fi òfin yẹn lélẹ̀, Ìyá?"
"Ẹni tí ebi ti pa rí."

Ó wá dákẹ́. Ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò.
"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé tán ni iyọ̀ òkun máa ń dé.
Nísinsìnyí, ó ń dé kí òjò tó tán,
àbí ahọ́n mi ló ń purọ́.
Ẹ̀rọ rẹ yẹn, ṣé ó lè bá mi tọ́ ọ wò?"
Mo ri ẹ̀rọ bọ ọ̀sà. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Nígbà tó sọ ọ́, ohun tí ahọ́n sọ náà ni.
Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ṣẹ́jú, ó ń hun àwọ̀n lọ.

Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, orí ẹja kún inú abọ́.
Níbi tí wọ́n kọ "irinṣẹ́ ìwọ̀n" sí, mo kọ:
*ìka mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún, Ìyá Ọ̀ṣínówò.*
Ọ̀gá mi l'Ábẹ́òkúta yóò fi bírò pupa fà á kọjá.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà,
mo ti ìka mẹ́ta bọ àwọ̀n ọlọ́kọ̀.
Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́, àyè ṣì kù.
Ìka mi kò tíì wú.