Kíláàsì Aago Mẹ́sàn-án

Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé.
Mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tó ti tẹ̀ ṣí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì,
kí n gbọn yìnyín kúrò lára bàtà,
kí n tan ẹ̀rọ amúlémóoru,
tí yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí àgbàlagbà kó tó gbà.
Àga onírin méjìlá. Mo mọ̀ pé mẹ́jọ la óò lò.
N kì í kó mẹ́rin yòókù kúrò:
àwọn tó ni wọ́n ti sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ yìnyín.

Dàkótà Àríwá nìyí, oṣù kejì ọdún,
òtútù tí í mú omijé dì kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Arlys gbé kéèkì wá, ó ní ó jóná díẹ̀. Ó jóná púpọ̀.
Norbert ń da kọfí tó fúyẹ́ débi pé a ń rí ìsàlẹ̀ ife.
Delores ń wá awò ojú rẹ̀ káàkiri tábìlì,
awò ọ̀hún sì wà lórí irun rẹ̀.
Verlyn Skaar jókòó síbi tó ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlá,
ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, fìlà lórí orúnkún,
ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí ju "ẹ káàárọ̀" lọ
àti "ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sójú pátákó:
ọgọ́rùn-ún, yọ ọ̀kan kúrò.
Àgùntàn tó sọnù. Ẹ̀kọ́ tó rọrùn.
Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀, àti ìdáhùn wọn.

Mo ní, "Ta ni nínú yín tí kò ní í lọ wá a?"

Verlyn ní, "Èmi."

Síbí Norbert dúró nínú ife.

"Mo sin àgùntàn fún ogójì ọdún.
Bẹ́ ẹ bá fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ nínú pápá,
ìkookò ò ní í dúró kí ẹ ka orí náà tán.
Ẹni tó pa òwe yìí ò jẹ gbèsè báǹkì rí."
Arlys rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí fìlà lórí orúnkún
bí ẹni ń wá ohùn kan lórí rédíò àtijọ́.

"Lálẹ́ ọjọ́ ìjì yẹn, èmi àti Curtis ti jà.
Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.
Àgùntàn mọ́kànlélógún ń rọbí nínú abà.
Mo ní, ọmọ náà ti dàgbà, ó mọ ọ̀nà.
Kò sí àgùntàn kankan tó kú.
Ẹ kọ ìyẹn sójú pátákó."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu.
Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi,
n kò mọ ohun tí à bá yọ kúrò lára kí ni.
Lókè orí wa, ẹnìkan ń dán dùùrù wò,
ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ń sáré lọ, ń sáré bọ̀.

Delores ló dìde,
Delores tí kò bá Verlyn sọ̀rọ̀
látìgbà tí a ti dìbò lórí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì.
Ó wọ́ àga rẹ̀, irin ń ké lórí símẹ́ńtì,
ó jókòó tì í,
ó sì gbé ọwọ́ lé fìlà náà, kì í ṣe lé ọwọ́ rẹ̀,
lé fìlà,
títí tí kò fi yí mọ́.

Agogo lù. A gòkè lọ kọrin.
Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ṣì wà nínú àpò mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yípo, mo bá ipa ẹsẹ̀ nínú yìnyín,
Verlyn sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn,
àga onígi kan lápá rẹ̀, láti ilé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Mo ṣílẹ̀kùn. Ó gbé e sáàárín àwọn yòókù,
ó ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú.
Mẹ́tàlá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ mi ni.
N kò bi í ní nǹkan kan.
Mo ní kó bá mi pọn omi kọfí.