Ààrò Ẹ̀yìnkùlé

Ọjọ́ kẹta ọyẹ́ ni ààrò búrẹ́dì mi là.
Kò pariwo. Ó kàn ń yọ èéfín níbi tí kò yẹ kó ti yọ,
bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.
Ọgọ́ta búrẹ́dì jóná lápá kan,
apá kejì rọ̀ bí ẹ̀kọ.
Mo dà á fún ewúrẹ́ aládùúgbò.
Ewúrẹ́ pàápàá ṣa apá tó jẹ.

Ní Ẹfọ̀n, tí òkè yí wa ká,
òtútù kì í báni ṣàwàdà.
Ẹ̀yìnkùlé mi làwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá láàárọ̀
kí wọ́n lè fọwọ́ kan ògiri ààrò.
Lọ́jọ́ náà wọ́n fọwọ́ kàn án,
wọ́n wojú mi,
wọ́n fọwọ́ padà sábíyá.

Ọmọ mi ní Adó ní kí n fọkàn balẹ̀:
"Ẹnjiníà kan wà, Màmá, ó ní káàdì."
Ẹnjiníà gba ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá, owó ọkọ̀ òun irinṣẹ́.
Lọ́jọ́ Ajé, ó ti dé Àràmọkọ.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé Àràmọkọ.
Ní Ọjọ́rú mo bi í pé
ṣé Àràmọkọ ń tẹ̀ lé e kiri ni.
Ó pa fóònù.

Bíríkìlà àdúgbò ní ká fi sìmẹ́ǹtì dí i.
A dí i. Mo dáná.
Sìmẹ́ǹtì ń ta pàràpàrà bí àgbàdo sísun,
ẹyọ kan fò, ó jó mi láṣọ.
Ó ní, "Èyí le o," ó gbowó, ó lọ.
Wẹ́dà ní ká wó o, ká ra onírin.
Ó fi ìka kọ iye rẹ̀ sórí iyanrìn;
mo fẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí ojú má bàa tì mí.

Fàmúrewà tó mọ ọ́n ti kú.
Ọkọ mi tó pè é wá náà ti kú.
Èmi tó kù, iná dídá ni mo mọ̀,
n ò mọ ilé iná.

Mo lọ ra káàdì lọ́dọ̀ Ìbírónkẹ́
kí n lè rí owó bú ẹnjiníà dáadáa.
Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní,
"Ṣé ààrò tó ní ojú ìka mẹ́ta lẹ́nu ni?"
Báwo lo ṣe mọ̀?
"Ìka mi ni. Èmi ni mo ń ru amọ̀ fún bàbá mi."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ká wa amọ̀ ògán,
ká fọ́ ìkòkò àtijọ́, ká bu eérú, ká gé koríko gbígbẹ.
"Ẹ má gún un bí uyán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́."
Ó ki orí bọ inú ààrò títí dé ìbàdí,
sálúbàtà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.
Ohùn rẹ̀ jáde bí ohùn inú àmù:
"Bàbá mi ò parí ibí yìí.
Kò rẹ́ ẹ. Ó kàn fi í sílẹ̀ ni.
Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ lówó?"

Mo tẹ koríko. Mo tún un tẹ̀.
Mo mọ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.
Mo mọ ohun tí ọkọ mi sọ,
bí Fàmúrewà ṣe nu ọkọ́ rẹ̀ láìfèsì.

Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ń dá iná kékeré sí i, bí ẹni ń tọ́ ọmọ tuntun.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo tú ìdí aṣọ.
Mo ka tirẹ̀ fún un. Mo ka ti bàbá rẹ̀ lé e.
Ìbírónkẹ́ tún un kà. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó fi ìka kan tẹ ẹnu ààrò tó ṣì tutù díẹ̀,
ó bọ sálúbàtà, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Fóònù mi dún.
"Màmá, mo ti dé Àràmọkọ."
Mo ní kó kú ìrìn.