Àpótí Mẹ́ta ní Túdùn Wàdà

Ọyẹ́ ti fi lẹ́búlẹ́bú kùn wọ́n lójú
kí n tó gun àkàbà Mètíróònù Ládìdì.
Ilé ìgbẹ̀bí kan, àpótí mẹ́ta, Sàríà, oṣù kìíní.
Ti Kánò ni àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ ló rà á kó tó kú:
ìwo méjì, ọ̀kan ti kán, wọ́n fi báńdéèjì wé e.
Èkejì rí pẹrẹsẹ bí ọmọrí ìkòkò, ó lẹ̀ mọ́ àjà.
Ẹ̀kẹta bá ẹ̀gbọ́n kan ti Mẹ́kà dé,
láàárín omi sámúsámù àti dàbínù.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣe wọ́n, wọn ò mọra wọn rí.
Mo dà wọ́n dojú bolẹ̀, mo ka orúkọ àmútọ̀runwá wọn,
lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, méjìlá nídìí oníkálukú,
èyí tí ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n.
Mo wá sọ wọ́n lórúkọ àbísọ,
ọ̀kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
páásíwọ́ọ̀dù kan náà, títí dórí àmì tó kẹ́yìn.
Fóònù ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ilé mẹ́ta ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yà: ìkíní, ìkẹfà, ìkọkànlá,
kí ẹnì kan má baà máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnì kejì.
Mo ní kí méjì káwọ́ kúrò lórí àdírẹ́sì.
Baálé kan ní ń fún àlejò ní yàrá;
bó bá di méjì,
àlejò méjì á pàdé lórí ẹní kan.

Ti Kánò gbọ́. Ti àjà gbọ́.
Ti Mẹ́kà ṣí ojú ìwé rẹ̀, èdè Lárúbáwá látòkè délẹ̀,
èmi ọmọ Ọ̀fà ń wò ó bí ẹni ń wo odò tó kún.
Mo lọ pe Màálámù Hábù ní géètì.
Ó gbọn èérún kúlíkúlí lọ́wọ́, ó wọ awò,
ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé kéú.
Ó dúró. Ó ní, "Rábò."
Mo ní, "Ìpín nìyẹn. Ẹ pa á."
Ó pa á.

Mo pe Àṣàkẹ́ àbúrò mi nílé, mo ní kó máa kà lọ.
Mo rìn kúrò ní yàrá ìrọbí. Ení, èjì, ẹ̀ta,
ẹ̀rin lẹ́nu ilé oògùn, àrún, ẹ̀fà,
èje lórí àtẹ̀gùn,
ẹ̀sán.
"Ẹ̀jọ dà?"
"Mo kà á o. Ẹ wá a lọ́dọ̀ yín."

Fóònù ló di ti ìsàlẹ̀ mú
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú.
Mo dín agbára ti ìsàlẹ̀ kù, mo gòkè, mo sọ̀, mo tún gòkè.
Nígbà karùn-ún ẹ̀jọ dé, ó gé díẹ̀ létí.

Mo ń ṣàlàyé fún Mètíróònù
pé wọn ò lè fa fóònù lé ara wọn lọ́wọ́ láìmí rárá.
Ọmọ tuntun kan ké lókè, ó gbójú sókè.
Ó ní kí n gbé àkàbà padà sẹ́yìnkùlé,
kí n rọra, aṣọ tútù wà lórí okùn.