Ẹyin Inú Agolo

Ọjọ́ Tọ́sìdeè, ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ìbarà,
wọ́n ní kí àwa tí a fẹ́ gba ọmọ tọ́
mú ẹyin tútù kọ̀ọ̀kan dání.
Mo ra tèmi ní Kútọ̀, mo fi gèlè wé e
bí ẹni pé ó ti ń mí.

Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé kò ṣe àlàyé púpọ̀.
Ó gbé agolo mílíìkì òfìfo síwájú mi:
"Ìyá, ẹ fi òwú tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ gbé ẹyin sí i. Ẹ dé e.
Ẹ wá mì ín bí ẹni tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn."
Mo mì ín. Kò tó ìṣẹ́jú kan.
Èèpo rẹ̀ ṣì jọ̀lọ̀, kò sí ibi tó sán.
Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ wò ó, kò fọ́!"
Ó gbà á, ó là á sínú àwo tánganran:
pupa ti ya, ó ti dà mọ́ funfun.

"Ọrùn ọmọ jòjòló," ó ní, "ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni.
Ojú ara kò ní sọ fún yín."

Bàbá Ṣónẹ́yẹ láti Ìjẹun dìde, ó ní ẹgba ni wọ́n fi tọ́ òun.
Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, Ẹ̀gbá ni yín, ẹ kì í ṣe ẹgba."
Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.
Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ àpá kan
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ọmọ tí kò tíì rá kì í dédé ṣubú.
Bí ẹ bá rí àpá lára rẹ̀, ẹ má bi ògiri. Ẹ bi ọwọ́.
Mo fi báírò kọ ìyẹn sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
níbi tí èèkù òòlù ti sọ awọ di pátákó.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọwọ́ yìí fi ń fọ́ òkúta l'Ásẹ̀rò.
Ta ni yóò gbé ọmọ lé e?

Wọ́n gbé e lé e.
Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ oṣù mẹ́rin.
Orúkọ lásán: èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Òru ọjọ́ kọkànlá, iná ti lọ,
àpáta ń dá ooru ọ̀sán padà fún wa.
Ó ké láti aago kan títí di mẹ́ta.
Mo fún un lóúnjẹ, ó tu ú. Mo pọ̀n ọ́n, ó ta.
Mo kéwú sí i létí, ohùn rẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀.
Nígbà tó yá mo wo ọwọ́ mi lábẹ́ abíyá rẹ̀ méjèèjì,
mo rí i pé ó ti dì í mú bí ẹni di òòlù mú.
N kò ní purọ́ fún yín. Mo rí i.

Mo gbọ́ ẹyin nínú agolo.

Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀,
kò sí ìrọ̀rí, kò sí aṣọ nítòsí imú rẹ̀.
Mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn,
mo ń ka mọ́tò tó ń lọ sí Ọbàntókò.
Mẹ́sàn-án. Kò tó. Mo tún un kà.
Mo pe Ìyá Kifáyà ojúlé kejì: "Ẹ wá gbà mí."
N kò sọ pé ẹ wá gba ọmọ.
Ó dé pẹ̀lú ìró láyà, kò bi mí ní nǹkan kan.

Wọ́n ní abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun.
Àpáta kò bí wọn.
Ó kàn dúró lórí wọn, kò wó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ti sùn lọ,
Ìyá Kifáyà ń hanrun.
Mo ṣí ìwé tí wọ́n fún wa.
Mo kọ ọ́: Aago kan sí mẹ́ta. Ó ké. Mo gbé e sílẹ̀. Mo jáde.
Níbi tí wọ́n ní ká kọ àpá ara sí,
mo fa ìlà kan,
ó wọ́ díẹ̀, báírò ń gbẹ lọ,
mo fà á dé òpin ìwé.