Ṣé Ó Ṣì Wà?

Aago méjì òru. Wọ́n ti mú iná lọ.
Mò ń fi àtàǹpàkò na ọjà tí kò ní ìsọ̀:
Bẹ́ẹ̀dì onígi, Ṣáṣá. Ẹsẹ̀ kan ń mì, ẹ má bẹ̀rù.
Bàtà ìyàwó, Orógùn, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Mi ò bèèrè bóyá bàtà ni àbí ìgbéyàwó.

Kì í ṣe ọjà ni mò ń wò nínú àwòrán, ẹ̀yìn rẹ̀ ni:
kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn,
ẹsẹ̀ ọmọ kékeré tó ń sá kúrò níbẹ̀,
aṣọ tí ẹnì kan sá sórí àga tí wọ́n fẹ́ tà.

Bí mo ṣe rí firísà náà nìyẹn.
Tòkunbọ̀ ni. Ó ń dì bí òkúta. Àkóbọ̀.
Ìdí tí mo fi ń tà á: ìrìn-àjò.
Mo kọ̀wé: Ṣé ó ṣì wà?
Ó wà.
Eélòó ni jálẹ̀?
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà.
Mo pe ọgọ́rin. Ó fi ojú rẹ́súrẹ́sú kan ránṣẹ́,
tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
A ná an títí àkùkọ fi kọ, ó já sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún.
Ẹ wá lónìí o. Ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de firísà.

Bàbá Sítù oní-Máíkírà ló gbé mi láti Mọ́níyà.
Ó ní, "Orí ọkọ̀ yìí ti ru odidi màlúù rí. Kí ni firísà?"

Nínú ilé náà, gbogbo nǹkan ti gba orúkọ tuntun.
Bébà funfun lára tẹlifíṣàn, lára ìkòkò, lára ọmọrogùn.
Lójú dígí, mo rí ara mi lábẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.
Mopélọ́lá ń wo fóònù, ó ń retí álẹ́ẹ̀tì, kò jókòó.
Ìyá rẹ̀ nìkan ló jókòó, lórí àga onítìmùtìmù.
Ó ní òun ò ní dìde fún ẹni tó rà á,
kí wọ́n kúkú gbé òun mọ́ ọn.
Ó wò mí. "Firísà lo wá rà?
Jọ̀ọ́, bá mi wo ẹ̀yìn mi,
eélòó ni wọ́n kọ sí èmi?"
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ti òkun bọ̀ là ń pè ní Tòkunbọ̀.
Èyí tí a lò nílé ńbí, ìdajì owó ni.
Firísà ti la omi kọjá wá, ó ń bá mi lọ sí Mọ́níyà;
ẹni tó ni ín ń la omi kọjá lọ.
Ìyá tó wà láàárín àwọn méjèèjì,
mi ò mọ orúkọ tí à ń pè é lọ́jà.

Nígbà tí a ń so okùn, màmá dìde wá kí wa pé ó dàbọ̀.
Bébà àga ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìró rẹ̀:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣeé ná.
Kò mọ̀.
Mo ṣe bí ẹni ń gbọn eruku fún un,
mo yọ ọ́, mo tì í bọ àpò.

Firísà ń ṣiṣẹ́. Mò ń ta omi dídì, mò ń bá ẹlẹ́ja tọ́jú títù.
Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rùn ata tí kì í ṣe ata mi.
Lóṣù kẹrin, nọ́ńbà kan tí kì í ṣe ti ibí
kọ̀wé sí mi lóru:
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó ṣì wà?
Mo ti fẹ́ fèsì pé n kò tà á.
Ó tún kọ̀wé:
Màmá mi. Wọn ò gbé fóònù láti ìjẹta.
Nínú gbogbo ẹni tó ra ẹrù mi, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró kí wọn.

Bàbá Sítù ń kùn, ó ń jí ọkọ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi kan ilẹ̀kùn l'Ákòóbọ̀.
Ó pẹ́.
Lẹ́yìn náà ni sálúbàtà wọ́ ilẹ̀ bọ̀.
Fóònù rẹ̀ ló ti kú. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọn ò mú iná wá.
Mo kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀: Ó wà.
Màmá na ọrùn wo orí ọkọ̀.
"Firísà ti bàjẹ́, àbí?
A kì í gba ọjà padà o."